Màmá, Ẹ Bá Mi Yọ Láfún Kúrò Nínú Báàgì Ìwé Mọ́rẹ́nikẹ́

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́ láfún, ẹ kú àìfojú kan ọmọ yín láti ìgbà òjò. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ayétòrò níbí. Mo kí Bàbá mi ní oko wọn lódìkejì ààlà; bí wọ́n bá wálé lópin oṣù, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ń gbàdúrà fún wọn lójoojúmọ́. Mo kí Ìyá Àgbà, mo sì bi wọ́n léèrè ojú wọn tó ń dùn wọ́n. Mo kí Mọ́rẹ́nikẹ́, àbúrò mi kan ṣoṣo. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Màmá, mo ti ń parọ́ fún yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè mí, tí ẹ bá ní ara ńkọ́, tí mo bá ní ara le koko, irọ́ ni. Ó ti tó oṣù méjì tí ẹ̀yìn ti ń ro mí, láti abẹ́ èjìká òsì títí dé ìbàdí. Bí mo bá jókòó pẹ́ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibi tí n ó fi ọwọ́ tì kí n tó lè dìde. Bí mo bá sín, omi á dà lójú mi. N kò sọ fún yín nítorí mo mọ ohun tí gbogbo yín fi du ara yín kí n tó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo sì rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Kò lọ. Bí ó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, ǹ bá má jẹ́wọ́ rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe mí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Mọ́rẹ́nikẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, òun ni mo sì kọ sókè lẹ́tà yìí: ẹ yọ láfún kúrò nínú báàgì ìwé rẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dà bí ẹ̀yìn mi.

N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Láfún yẹn ló bọ́ mi, òun náà ló rán mi wá síbí. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti ya ìwé yìí, tí mo tún bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ mi bá gún yín lọ́kàn, ẹ fi í sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ tán.

Àwọn mìíràn tí kò mọ abúlé wa yóò ka lẹ́tà yìí, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún wọn. Láti abúlé wa dé ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní Afọ̀n, ó ju ìrìn wákàtí kan lọ fún ẹsẹ̀ ọmọdé. Ọ̀kadà wà, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi ọ̀kadà gbé láfún dé ìlú, ọlọ́kadà ló máa jẹ èrè rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ilé ìwé ni mọ́tò abúlé wa. Ẹni tó bá ní nǹkan tó fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti dúró dè wá láàárọ̀. Oníbàárà yín, Ìyá Ṣẹ́gun, sì ń gbé lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa gan-an. Ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fi ilé náà síbẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kìíní, orí ni mo fi ń ru láfún. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń ká òṣùká fún mi. Ẹ máa ń ní kí n na ọrùn, kí n má wo ilẹ̀, pé ẹni tó bá rìn bí ọmọ ọba lábẹ́ ẹrù, ẹrù náà yóò bọ̀wọ̀ fún un. N kò rántí pé ẹ̀yìn ro mí rí nígbà náà. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ló fòpin sí i. Ó dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ní aṣọ ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe aṣọ alárù, pé ọmọ tí òun bá tún rí ẹrù lórí rẹ̀, koríko pápá ni yóò máa gé títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi ṣe ìdánwò tán. Mo sunkún délé lọ́jọ́ náà. Ẹ ronú díẹ̀, ẹ wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ní ohun tí ojú ọ̀gá kò bá rí kò lè bí ọ̀gá nínú. Ẹ kó láfún sínú ọ̀rá, ẹ dì í pinpin, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ báàgì mi, ẹ sì to ìwé lé e lórí. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ gbogbo abúlé. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kò sí ọmọ kan láti ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa tí kò ní láfún lábẹ́ ìwé. Gbogbo ìwé wa funfun. Tíṣà ìṣirò tilẹ̀ bi mí bóyá ilé wa ni wọ́n ti ń ṣe ṣọ́ọ̀kì.

Ní kíláàsì kejì, okùn báàgì mi kan já. Ẹ fi abẹ́rẹ́ àpò rán an, ó tún já. Ẹ ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ṣebí ọwọ́ kan náà la fi ń jẹun. Láti ìgbà yẹn, èjìká òsì ló ń gbé e. Báàgì á rọ̀ dé ìdí, á máa gbá mi ní itan, èmi á sì fì sí ọ̀tún kí ó má baà fà mí ṣubú. Ẹ̀yin àti Ìyá Àgbà á dúró lójú ọ̀nà, ẹ ó ní ọkọ̀ tó fì ti ń lọ o, kí Ọlọ́run gbé e dé gáréèjì láyọ̀. Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín. Ọdún márùn-ún ni mo fi fì bẹ́ẹ̀, Màmá. Kò sẹ́ni tó rò pé ẹ̀yìn ọmọdé máa ń rántí nǹkan.

Ayétòrò kì í ṣe ìlú burúkú. Èdè wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, wọ́n sì máa ń kí èèyàn. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ibí le. Láàárọ̀, n kì í rí igi tó wà níwájú fèrèsé wa, ètè gbogbo wa ti la. Ilé tí mo háyà jìnnà sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn ín. Báàgì tí mo gbé wá síbí ní okùn méjì tó dára, tó nípọn, tó ní tìmùtìmù nínú. Ṣùgbọ́n èjìká òsì nìkan ni ara mi mọ̀. Bí mo bá fi ọwọ́ kejì bọ̀ ọ́, ńṣe ló ń ṣe mí bí ẹni pé mo wọ bàtà ẹlòmíràn.

Ẹrù inú rẹ̀ sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé olùkọ́ kan á bi mí ní ìwé tí n kò gbé, pé wọ́n á yí àkókò ìkẹ́kọ̀ọ́ padà lójijì, pé wọ́n á ní kí àwa tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ sí oko ìdánrawò kí n má sì ní bàtà òjò lọ́wọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń gbé gbogbo rẹ̀ lójoojúmọ́: ìwé ọjọ́ Ajé ní ọjọ́ Ẹtì, bàtà òjò nínú ọ̀gbẹlẹ̀, àdá tí mo fi àkísà wé, ìgò omi ńlá méjì. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé ìwé kan àti bírò kan wá. Mo máa ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo àwọn tí wọ́n ti sọ àṣírí kan fún, tí wọ́n kò sọ fún mi.

Ẹ mọ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàárò ní ibí? Kì í ṣe oúnjẹ yín. Ẹni tó máa gbé ẹrù rù mí ni. Nílé, ta ló ń dá gbé ẹrù lé ara rẹ̀? Bí èèyàn bá ti di ẹrù tán, yóò dúró de ẹni tó ń kọjá, ì báà jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń jà. Yóò ní ẹ gbé e rù mí o. Onítọ̀hún á gbé e rù ú, á sì wá máa bínú rẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi níbí, mo bẹ ọmọkùnrin kan níwájú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pé kó jọ̀ọ́ kó bá mi gbé báàgì rù. Ó wo èmi, ó wo báàgì, ó bi mí bóyá àgbàdo ni mo ń kó lọ sí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Láti ọjọ́ náà, n kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. N ó bẹ̀rẹ̀, n ó di okùn báàgì mú, n ó yí ìbàdí, n ó sì jù ú sókè sí èjìká lẹ́ẹ̀kan náà, kíákíá, kí ẹnikẹ́ni tó wò mí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jù ú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, nǹkan sì fà mí ní ìbàdí bí ìgbà tí okùn kànga bá dédé le lọ́wọ́ ẹni. N kò lè nàró, n kò sì lè bẹ̀rẹ̀. Mo wà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀. Rúkà ló wá bá mi. Rúkà ni ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá ilẹ̀ ni mo ń kí láàárọ̀ kùtù. Nígbà tó rí omi lójú mi, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, òun náà sì ké. Ó ní háà, Bísọ́lá, ṣé gbogbo ilé lò ń gbé kiri ni? Ó ní ìkòkò ọbẹ̀ àti òun Rúkà nìkan ló kù tí n kò tíì kó sínú rẹ̀.

Òun ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tọ́jú iṣan àti eegun ní ilé ìwòsàn kan. Àgbàlagbà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní kí n rìn lọ, kí n rìn bọ̀. Ó ní kí n kẹ̀yìn sí òun, ó fi ọwọ́ kan èjìká mi méjèèjì, ó sì pe Rúkà pé kó wá wò ó. Rúkà ní èjìká òsì mi ga ju ọ̀tún lọ. Bàbá náà ní ìgbà wo ni mo ti ń gbé báàgì sí apá kan. Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ti láfún. Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní òun ti gbọ́ oríṣiríṣi àmọ́ òun kò gbọ́ ti báàgì ìwé tó ń ṣe iṣẹ́ lọ́rì rí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹnìkan wà nílé tó ń gbé e báyìí.

Màmá, n kò tíì ronú kan Mọ́rẹ́nikẹ́ rí títí di ìṣẹ́jú yẹn. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹ̀gbọ́n tí mo jẹ́. Mo kúrò nílé, inú mi ń dùn pé mo bọ́ lọ́wọ́ ẹrù. N kò bi ara mi pé ta ni mo gbé e lé lọ́rùn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ pè mí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Inú yín dùn lọ́jọ́ náà. Ẹ ní láfún ọdún yìí funfun bí òwú, pé ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́ dáadáa. Ẹ ní kí n má ṣe rò pé ipò mi ṣófo, pé Mọ́rẹ́nikẹ́ ti gbà á, ó tilẹ̀ ti jù mí lọ. Ẹ ní ó ń gbé tiwa, ó ń gbé ti Ìyá Kọ́lá aládùúgbò wa kún un, kì í sì í ráhùn bíi tèmi. Ẹ wá ní ẹ̀yìn tirẹ̀ kò fì o, iwájú ló ń tẹ̀ sí bí ẹni tó fẹ́ kí ọba. A jọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin àti èmi. Mo rẹ́rìn-ín, Màmá. Lẹ́yìn náà lẹ gbé fóònù fún un kó kí mi.

Ó gbé fóònù náà jáde síta. Mo gbọ́ bí adìẹ ṣe ń ké. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí bóyá ibi ìbàdí èmi náà máa ń gbóná bí ẹni fi ata pa á nígbà tí mo wà ní kíláàsì tirẹ̀. Ó ní bí òun bá jókòó nínú kíláàsì, ẹsẹ̀ òun kan máa ń kú. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún yín, nítorí ẹ ó rò pé iṣẹ́ ni òun ń sá fún. Kí ni mo sọ fún un? Mo sọ pé kò sí nǹkan kan, pé gbogbo wa la gbé e, pé yóò mọ́ ọn lára. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi kan ní ìbàdí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìdúpẹ́ yẹn ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn. Mo ti pè é padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti ìgbà náà, àmọ́ fóònù yín ni, ẹ̀yin lẹ sì máa ń gbé e. Bí ẹ bá ti ní ara ńkọ́, ẹnu mi á tún ní ara le.

Ohun tí bàbá ilé ìwòsàn sọ ni mo fẹ́ sọ fún yín báyìí, bí mo ṣe lóye rẹ̀ mọ. Ó ní báàgì yẹ kó jókòó sí ẹ̀yìn lórí èjìká méjèèjì bí ọmọ tí a pọ̀n, kí okùn rẹ̀ méjèèjì fún dáadáa, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má rọ̀ kọjá ìbàdí. Ẹ̀yin mọ ọmọ pọ̀n ju òun lọ. Ẹ kò lè pọ̀n mí kí n máa rọ̀ sí ìdí yín, kí ẹ sì so ọ̀já sí apá kan. Ó ní ohun tó bá wúwo jù ni kó súnmọ́ ẹ̀yìn, kí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà níta. Ó ní kí ọmọ máa yọ ohun tí kò ní lò lọ́jọ́ náà kúrò. Bí ó bá fẹ́ gbé e, kó tẹ orúnkún, kó má ṣe yí ìbàdí. Bó bá lè gbé e sórí àga kó tó kọ́ ọ, ó dára jù. Mo bi í pé báwo la ṣe máa mọ̀ bí ẹrù bá ti pọ̀ jù. Ó ní kò ṣòro: bí ọmọ bá ní láti tẹ̀ síwájú kó tó lè rìn, ẹrù náà ti pọ̀ jù, kí wọ́n sọ̀ ọ́. Nígbà tó dárúkọ títẹ̀ síwájú, Màmá, ẹ̀rín tí a jọ rín lórí fóònù ló wá sí mi létí.

Mo mọ èsì yín. Ẹ ó ní ẹ̀yin náà ru ẹrù, Ìyá Àgbà ru igi láti Ìmẹ̀kọ dé Afọ̀n, ẹ̀yìn kò pa wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí lẹ fi rù ú, ẹrù náà wà ní àárín ara yín, ẹnìkan ló gbé e rù yín, ẹnìkan náà ló sì sọ̀ yín. Ẹrù tiwa fara pamọ́ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni, ó sì gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Bàbá náà kò sọ pé láfún nìkan ló ṣe mí. Ó ní bí mo ṣe ń jù ú wà nínú rẹ̀, ẹrù tí mo ń dì nítorí ìbẹ̀rù wà nínú rẹ̀, àìdárayá wà nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀bi tèmi ló pọ̀ jù. Mo máa ń rò bẹ́ẹ̀.

Mo bi í bóyá tèmi yóò lọ tán. Ó ní ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ, bí wọ́n bá ṣe ohun tí òun sọ. Kò sọ pé tèmi yóò lọ. Ó kọ́ mi ní bí n ó ṣe máa na ara lórí ẹní láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Mo ń ṣe é, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá bó ṣe yẹ ni mo ṣe ń ṣe é, ojú sì ń tì mí láti padà lọ bi í. Ní oko ìdánrawò, wọ́n pín bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ méjì méjì fún wa láti tọ́jú títí dé ìdánwò. N kò lè gbé kẹ́ẹ̀nì omi, n kò lè bẹ̀rẹ̀ tu koríko. Rúkà bá mi bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ òun náà ní tirẹ̀. Ẹ̀fọ́ mi ti gbẹ. Ọ̀gbẹ́ni tó ń darí wa bi mí níwájú gbogbo ènìyàn pé ọmọ àgbẹ̀ Afọ̀n wo ni kò lè bẹ̀rẹ̀, àbí orí tẹlifíṣọ̀n ni oko bàbá mi wà. Bí mo bá jábọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí, ó ṣeé ṣe kí n tún ọdún yìí kà. Mo ti rò ó pé kí n padà wálé, ṣùgbọ́n kí ni n ó wá ṣe? N kò lè bó ẹ̀gẹ́, n kò lè fún un, n kò lè sá a. Ẹnu tó máa jẹ nìkan ni mo máa gbé wá fún yín.

Mo sì mọ̀ pé n kò ní ohun tí n ó fi rọ́pò ohun tí mo ní kí ẹ mú kúrò. Mo ti jókòó ronú rẹ̀ títí. Bí láfún bá kúrò nínú báàgì, báwo ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣẹ́gun? Bí Mọ́rẹ́nikẹ́ bá gbé e lé orí, ọ̀gá á ní kó lọ gé koríko. Bí ẹ bá rìn ín fúnra yín, ta ló máa sá èyí tó kù, ta ló máa ré ẹyẹ kúrò lórí rẹ̀? Bí a bá gbé e fún ọlọ́kadà, owó ilé ẹ̀kọ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń lọ yẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo rí ni pé kó má gbé ju ìṣù kékeré kan lọ, tiwa nìkan, kí Ìyá Kọ́lá wá ọ̀nà tirẹ̀. Mo mọ ẹnu Ìyá Kọ́lá. Mo mọ̀ pé yóò ní a ti di olówó láti ìgbà tí ọmọ wa ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. N kò rò pé ẹ ó lè sọ ọ́ fún un. Síbẹ̀ mo ń bẹ̀ yín.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sínú ìwé ìròyìn, kí gbogbo ayé máa kà á. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, tíṣà kan kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé èsì ìdánwò mi pé ọmọ yìí ń fì sí apá kan, kí òbí rẹ̀ jọ̀ọ́ mú un lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ gbé ìwé náà fún mi pé kí n kà á sí yín létí, nítorí ẹ kò mọ̀ ọ́n kà. Mo ka ipò tí mo mú. Mo ka ìwà mi, wọ́n ní ó dára. Nígbà tí mo dé ìlà yẹn, mo ní wọ́n kọ ọ́ pé kí n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹ dààmú, ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún tíṣà náà.

Lónìí, Mọ́rẹ́nikẹ́ ló ń kàwé fún yín. Èmi ni mo tọ́ ọ, mo mọ irú ọmọ tó jẹ́. Gbogbo lẹ́tà tí mo fi rán onímọ́tò, ohùn rẹ̀ lẹ fi gbọ́ ọ. Bí mo bá kọ èyí sí yín nìkan, yóò ka ìkíni, yóò ka ti ọyẹ́, yóò ka àdúrà, yóò sì ká ìwé padà. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn yìí, èyí tí mọ́tò ń gbé dé Afọ̀n ní gbogbo ọjọ́ ọjà, pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, bóyá ẹlòmíràn yóò rí i, ẹni tí kò ní ìdí láti fo nǹkan kan. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ọ, Màmá, ẹ má bi í bóyá ẹ̀yìn ń dùn ún. Yóò ní rárá. Ẹ pè é sínú yàrá, ẹ ní kó bọ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó kẹ̀yìn sí yín, kí ẹ sì wo èjìká rẹ̀ méjèèjì.

Ó sì lè jẹ́ pé òun náà ni wọ́n gbé ìwé ìròyìn yìí fún pé kó kà á sí yín létí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo èyí.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ó fún Bàbá ní ẹsẹ̀ ire lọ sí oko, ẹsẹ̀ ire bọ̀. Kí ojú Ìyá Àgbà mọ́lẹ̀. Kí ọwọ́ yín má rọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ bá mi kí Ìyá Kọ́lá, ẹ ní mo ní kó má bínú. Ẹ bá mi kí Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹ sọ fún un pé irọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa fún un.

Èmi ni ọmọ yín,
Bísọ́lá